Àyè Tó Tàn Láìlórúkọ

Ọfà kékeré kan ń ràbàbà lójú dígí. Ó sún díẹ̀, ó dúró. Ó yí díẹ̀, ó dúró. Ṣé ẹ ti rí àwòdì rí, nígbà tó bá na ìyẹ́ lókè tí kò lọ tí kò bọ̀, tí òjìji rẹ̀ nìkan ń rìn lórí koríko? Bẹ́ẹ̀ ni ọfà yìí ṣe ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà Ìyùnadé, ní ọ̀sán kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nínú yàrá ìgbàlejò ilé bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ̀tì.

Òjò ti lọ, kò sì tíì lọ tán. Ó ṣì ń kán láti etí páànù, tó, tó, tó, sínú garawa tí ẹnì kan gbàgbé síta. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ń yọ èéfín funfun bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú ìtìjú, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó sùn síbẹ̀. Ní irú àkókò báyìí, ohùn gbogbo máa ń jìnnà, ẹni tó jókòó tì ọ́ á sì dà bí ẹni tí o rí lójú oorun.

Ọwọ́ méjì ló wà lórí máòsì. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Àwẹ̀ró, ìyá tó bí bàbá Ìyùnadé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọwọ́ òkè jẹ́ ti Ìyùnadé fúnra rẹ̀, tó ń tọ́ ti àgbà sọ́nà bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Òun ló ṣe ojú ewé tí wọ́n ń wò yìí. Iṣẹ́ tó kọ́ ní Ìbàdàn nìyẹn, kó máa ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti oníṣòwò kankan, ti agboolé wọn ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Ìyá, ó ń wí. Ẹ kàn dúró lé e. Ẹ jẹ́ kó ràbàbà lórí ojú yẹn, ẹ ó rí i.

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Háà! Ọwọ́ tó ti ń gún iyán láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó má tẹ nǹkan? Ìyùnadé ń rẹ́rìn-ín sínú, ó tún ń fi ìka rẹ̀ gbé ìka Ìyá sókè, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin àgbà kejì wà létí àga, ó jókòó bí ẹni tí kò ní pẹ́. Mopélọ́lá ni, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró, ọmọ bíbí ilé yìí, tó ń gbé Ṣakí báyìí. Nígbà tó wọlé, ó kí ògiri, ó kí àga, ó kí Ìyùnadé, ó ní ẹ kú ilé o. Ojú rẹ̀ kò kan ojú Àwẹ̀ró rárá. Àwẹ̀ró náà ní ẹ kú àbọ̀, kò fi orúkọ kankan tì í. Ìyùnadé fa tábìlì sún mọ́ wọn, ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Bàbá Ìyùnadé ló ní kí wọ́n ṣe ìkànnì náà. Ọmọ ilé ti fọ́n ká bí òwú àràbà, ó ní. Òmíràn wà ní Kàdúná, òmíràn wà lókè òkun, wọ́n ń pàdé ara wọn lórí fóònù wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ìwọ ọmọ ta ni. Ó ní kí ojú gbogbo ẹni tó ti ilé yìí jáde wà níbì kan, kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí ọmọ tó bá sọnù lè rí ilé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí i fáyé rí, kí àwọn àgbà tó kù kọ́kọ́ wá wo àyè tiwọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tó gbé Mopélọ́lá wá láti Ṣakí nìyẹn. Ọ̀ràn ilé baba ẹni ni, kò lè ní òun ò ní wá.

Ẹ sún mọ́ mi, kí n fi ojú ewé náà hàn yín.

Ní apá ọ̀tún, àwọn ojú ló wà níbẹ̀. Àwòrán àtijọ́ ni gbogbo wọn, àwọ̀ eérú ni wọ́n, wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tí ayàwòrán ní kó má mí. Ní apá òsì, lókèèrè, ibi tí ojú ewé ti fẹ́ parí, àwọn orúkọ wà níbẹ̀, àwọn náà jẹ́ àwọ̀ eérú, wọ́n sùn. Kò sí okùn láàárín wọn. Kò sí ìlà. Bí o bá wò wọ́n lásán, o ò ní mọ èwo ló ni èwo.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọfà yẹn dúró lórí ojú kan. Má tẹ̀ ẹ́ o. Kó ṣáà dúró. Ojú náà á jí. Eérú á ká kúrò lára rẹ̀, àwọ̀ wúrà á gun orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, lọ́hùn-ún, lápá òsì, láàárín gbogbo orúkọ tó sùn, orúkọ kan ṣoṣo á lajú, á tàn, á dá ojú náà lóhùn. Gbé ọfà kúrò, àwọn méjèèjì á tún padà sùn.

Orúkọ wọ̀nyẹn kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá ti bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò, àgbà rẹ̀ ni, ẹ ni yóò máa fi pè é. Ìyàwó á jókòó, á wò ó síwá, á wò ó sẹ́yìn, á wá ohun tó dára lára rẹ̀, á fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró wọ ilé yìí pẹ̀lú ìbòjú lórí, ọmọ pọ̀ níbẹ̀ bí èso ìdí igi, ó sì sọ gbogbo wọn. Àwọn orúkọ tó sọ wọ́n ni Ìyùnadé gbà lẹ́nu rẹ̀, tó kó sápá òsì ojú ewé náà.

Iṣẹ́ náà kéré lójú, ó le lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹbí. Kò mọ ọkọ, kò mọ ìyàwó, kò mọ̀ pé ojú tó wà níhìn-ín ló ni orúkọ tó wà lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ya àkísà aláwọ̀ kan náà so mọ́ ìyẹ́ àwọn adìẹ tiwọn, kí ti aládùúgbò má baà dà pọ̀ mọ́ ọn? Ohun tí Ìyùnadé ṣe nìyẹn. Ó so àmì kan náà mọ́ ojú, ó so ó mọ́ orúkọ, ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ojú àwa kò tó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ sí ojú ewé náà létí pé: bí ẹnì kan bá dúró lé èyí, wá gbogbo ohun tó bá ní irú àmì rẹ̀, kí o jẹ́ kí wọ́n tàn pọ̀. Bó bá kúrò, kí wọ́n kú pọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, ó gbàgbé láti dárúkọ àmì. Ẹ wá wo nǹkan! Ó dúró lé ojú ẹnì kan, gbogbo agboolé tàn yòò. Òkú tàn, alààyè tàn, ìyá tàn, ọmọ tàn, gbogbo wọn la ojú wúrà kalẹ̀ wọ́n ń wò ó. Ó pariwo, bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò pé ejò ni. Ìyùnadé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wù ú kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ọwọ́ Ìyá ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọfà náà bà lé ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ó tàn. Lọ́hùn-ún, Akọ̀wé tàn. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ọ̀hún, jíjẹ ló máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ní tiẹ̀, kò fi kọ nǹkan kan!

Ọfà sún. Obìnrin kan tàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ kún inú àwòrán náà débi pé apá rẹ̀ kejì kò wọlé. Lọ́hùn-ún, Òpéléńgé tàn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí nígbà tí ìyàwó dé, Ìyá ń ṣàlàyé, bí ìgbálẹ̀ ló rí. Ayé wá tọ́jú rẹ̀, ó wá di ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀? Òpéléńgé ni wọ́n ń pè é títí ó fi dé ibojì.

Ọfà sún. Ọkọ-mi-kékeré tàn, ẹni tó sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé òun ni kí wọ́n fún ní ìyàwó náà. Ó hewú lórí, ó lọ́mọ, ó lọ́mọ ọmọ, Ọkọ-mi-kékeré náà ló ṣì jẹ́.

Ìyá ti gbàgbé pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń lé ìmọ́lẹ̀ kiri bí ọmọdé tó ń lé labalábá. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kàn ń dúró lé wọn ni, ó ń kọjá, ó ń dúró. Ẹ̀n-ẹ́n! ó wí fún Ìyùnadé, bí a ṣe ń pe ọmọ ọkọ nìyẹn gan-an. A kì í tẹ orúkọ mọ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ la máa ń dúró sí, ẹni tó ni ín á sì gbọ́.

Gbogbo ẹni tó tàn yìí, kò sí èyí tó ṣì wà láyé nínú wọn. Ọ̀kan ló kù. Òun ni ọfà náà ń lọ bá báyìí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìyùnadé rí ibi tó ń lọ. Ó fẹ́ fa ọwọ́ Ìyá sẹ́yìn. Ó pẹ́ jù. Ọfà ti bà lé ojú Mopélọ́lá.

Ojú náà jí. Ọmọge ni, gèlè rẹ̀ wọ́ sápá kan, ẹnu rẹ̀ pa dé bí ẹni tó ń há ẹ̀rín mọ́nú. Wúrà gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́hùn-ún, lápá òsì, lábẹ́ gbogbo orúkọ, àyè kan tàn. Àyè lásán ni. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó tàn gbalaja bí ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí.

Orúkọ tí Àwẹ̀ró sọ ọmọ náà, kò sọ ọ́ fún Ìyùnadé. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó orúkọ jọ, bí wọ́n bá ti dé orí ẹni yìí, Ìyá á gbé ẹ̀gúsí rẹ̀, á máa bó o. Ti Màmá Ṣakí ńkọ́, Ìyá? Ìyá á ní ẹ̀gúsí ọdún yìí mà le lẹ́yìn o. Ìyùnadé bi bàbá rẹ̀. Bàbá ní òun mọ orúkọ náà, ọmọ inú ilé ni òun, òun gbọ́ ọ títí etí òun fi kún. Àmọ́ orúkọ tí ìyàwó bá sọ ọmọ ọkọ, ẹnu ìyàwó ló ń gbé, òun kò lè bá a pè é. Ìyùnadé bá so àmì náà mọ́ àyè òfìfo, ó fi í sílẹ̀, ó ní bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

Ẹ gbọ́ ohun tó bà á jẹ́.

Nígbà tí Oyèdìran kú, ìyẹn ọkọ Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n Mopélọ́lá, Àwẹ̀ró ní iwájú ilé ni kí wọ́n sin ín sí, kí òun lè máa rí i bí òun bá jí. Mopélọ́lá ní rárá, itẹ́ òkú ìjọ ni, ibi tí àwọn bàbá ìjọ wà. Ọ̀rọ̀ ń le, ẹbí pé jọ, àna pé jọ, àlejò kún àgbàlá. Oorun kò sí lójú opó, oúnjẹ kò sí níkùn rẹ̀, ìbànújẹ́ ti sọ ọ́ di ẹlòmíì. Ó dìde láàárín gbogbo ènìyàn, ó na ìka, ó ní, "Mopélọ́lá, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ẹ gbà mí o! Ó pè é lórúkọ. Ó pe ọmọ ọkọ ní ìwọ. Ó ṣe é lójú àna. Ẹni tó ń gbé omi lọ dúró, ọmọ tó ń sunkún dákẹ́. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti wọlé pẹ̀lú ìbòjú, orúkọ yẹn kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mopélọ́lá wọ́ ìborùn rẹ̀ sọ́rùn, ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán síwájú ilé, ó gba Ṣakí lọ.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun kò bínú. Ó ní kí ẹni tó gbàgbé orúkọ òun lọ wá a, bó bá rí i, kó pe òun. Àwẹ̀ró náà ní òun kò gbàgbé nǹkan kan, pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá òkú kò mọ ohun tí ọ̀fọ̀ jọ ni? Báyìí ni àwọn méjèèjì jókòó, ọ̀kan ní Ṣakí, ọ̀kan ní Ìgbẹ̀tì, wọ́n ń dúró de ara wọn. Ọdún ń gorí ọdún. Akọ̀wé kú. Òpéléńgé kú. Ọkọ-mi-kékeré kú. Wọ́n ń pàdé níbi ìsìnkú, wọ́n ń kí ògiri.

Nísinsìnyí àwọn méjèèjì ń wo àyè kan náà.

Mopélọ́lá ti rí i. Ojú rẹ̀ ti bá ìmọ́lẹ̀ lọ sápá òsì bó ṣe bá a lọ fún gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ó lọ pẹ̀lú ìrètí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ìrètí wà lójú yẹn. Ó dé ibẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ tò sí èjìká. Ìyùnadé ọmọ mi, ó ní, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, o ṣeun, ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Mo ti rí àyè mi. Yọ àwòrán mi kúrò níbẹ̀. Ilé tí kò bá ní orúkọ mi, kó má gbé ojú mi kọ́.

Ó ń lọ. Ìyùnadé mọ̀ pé bó bá jáde lónìí, ó jáde nìyẹn. Ẹsẹ̀ àgbà kò tún lè máa rìn láti Ṣakí wá sí Ìgbẹ̀tì wá gba ẹ̀tẹ́. Ìgbà mìíràn tí wọ́n á tún pàdé, ọ̀kan nínú wọn ni yóò wà nínú pósí. Kí ni ọmọ ọmọ fẹ́ wí láàárín ìyàwó àti ọmọ ọkọ?

Ọwọ́ Ìyá ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n díẹ̀, bí omi inú abọ́ nígbà tí ẹnì kan bá fara gbá tábìlì. Ọfà ń bá a gbọ̀n. Ó yẹ̀ kúrò lórí ojú Mopélọ́lá, ojú náà kú, àyè náà kú. Ó yẹ̀ padà, ojú náà tàn, àyè náà tàn. Ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú. Lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ṣáájú èkejì. Ìyùnadé kò di ọwọ́ Ìyá mú kó má gbọ̀n. Kò lè ṣe é. Ó ń wo ọmọge yẹn tó ń jí tó ń sùn, tó ń jí tó ń sùn, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ọ̀nà jíjìn tí kò dá a lójú bóyá òun ni.

Òjò ń kán sínú garawa. Tó. Oòrùn sún díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Tó. Níta, ẹyẹ ẹ̀gà kan bẹ̀rẹ̀ ariwo, ó dákẹ́. Ọwọ́ Mopélọ́lá wà lára aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ti ká a dé ìdajì, afẹ́fẹ́ tútù wọlé pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ tó mu omi yó. Gbogbo ayé dúró sójú kan. Ó ń ràbàbà, kò bà, kò fò.

"Eyínfúnjowó."

Jẹ́jẹ́ ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyùnadé fi rò pé òun ló rò ó. Ṣùgbọ́n ètè Ìyá ló ń mì. Ohùn náà ń ti ibì kan jáde tí wọ́n ti tì pa tipẹ́, ó ti dípẹtà, ó ń dá dúró lójú ọ̀nà.

"Eyínfúnjowó," Ìyá tún wí, ó sì ròkè lọ́tẹ̀ yìí. Ẹkún wà nínú rẹ̀. "Eyínfúnjowó mi. Mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí mo bá pè yín, ẹ ò ní dáhùn. Ẹnu mi ló ṣìnà lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí." Ó ti yọ́ kúrò lórí àga. Orúnkún tí kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ó ń kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ìyùnadé na ọwọ́ láti gbé e, Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í kúrò.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà kò mì. Mopélọ́lá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dúró gbagidi.

Ìyùnadé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe, ó bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ṣí inú ojú ewé náà, níbi tí àwọn àmì wà. Ó wá àyè òfìfo náà rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń fi àmì ohùn sórí wọn bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ó kọ ọ́ tán. Ó padà síta. Ó mú ọfà náà, ó gbé e lọ sórí ojú ọmọge tó pa ẹnu dé, ó sì dúró.

Ojú náà tàn. Lọ́hùn-ún, lápá òsì, Eyínfúnjowó tàn.

Màmá Ṣakí, Ìyùnadé wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn.

Ó pẹ́ kó tó wẹ̀yìn. Nígbà tó yí ojú padà, kò wo ẹnì kankan, ìmọ́lẹ̀ ló wò. Ó wo ojú ara rẹ̀ ní ọmọge. Ó bá a lọ sápá òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ tètè débẹ̀. Ó ka ohun tó bá níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Ìyùnadé kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Eyín wo ló kù lẹ́nu mi," Mopélọ́lá wí láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, "tí o tún fi ń wé owó?"

Ó mú ọwọ́ kúrò. Lóòótọ́ ni o, eyín tó kù kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yẹn, ó funfun. Ó funfun báláú nínú òjìji ẹnu ọ̀nà yẹn, Àwẹ̀ró sì ń wò ó láti ilẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí ẹni tó ń sọ pé ṣé ẹ rí i, ṣé mo purọ́?

Mopélọ́lá wọlé padà. Kì í ṣe etí àga ló jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọ inú àga lọ, ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọ onílé tó ti oko dé.

"Ìyàwó," ó wí, "ṣé bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ ọkọ lálejò nìyẹn? Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ìyàwó. Ara Ìyá ta gìrì. Gbogbo Ìgbẹ̀tì ló ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ọmọ ń pè é ní Màmá, ìjọ ń pè é ní Ìyá Ìjọ. Àwọn tó lè pè é ní ìyàwó ti lọ tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó orúkọ náà lọ mọ́ra wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kankan ti rán an níṣẹ́. Ìyùnadé ń wò ó bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, ibi tó hunjọ ń tú, àgbọ̀n rẹ̀ ń gbé sókè, ìtìjú kan báyìí ń gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìtìjú ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìbòjú lójú rẹ̀.

Ó ń dìde. Ó di tábìlì mú, ó di àga mú, ó ń dìde. Ìyùnadé ti fò sókè, ó ní ẹ jókòó, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi náà wá.

"Jókòó síbẹ̀," Àwẹ̀ró wí. "Èmi ni wọ́n pè."

Ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń tọ̀ ọ́ lọ jẹ́jẹ́, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ìyùnadé gbọ́ ìró àmù tó ṣí. Nínú yàrá ìgbàlejò, Mopélọ́lá di ojú rẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó sì tún pe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe nítorí omi mọ́.

Ìyàwó o!

Mò ń bọ̀ o!

Ìyàwó!

Mò ń bọ̀, Eyínfúnjowó, mò ń bọ̀.